Abẹ́rẹ́ Lẹ́yìn Kókósẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi ti sí kọ̀rọ̀ yàrá, ìbéèrè kan náà ni àwọn ojúlùmọ̀ ń bi mí bí mo bá jáde: "Oògùn wo lẹ lò sí ẹsẹ̀ yìí?" Bí mo bá ní abẹ́rẹ́ ni, wọn á rò pé abẹ́rẹ́ olómi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gún ní ìdí ni mo ń wí. Bí mo bá wá ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ tí kò ní omi nínú ni, irin tín-ín-rín lásán, tí wọ́n gún sẹ́yìn kókósẹ̀ mi tí wọ́n sì fi síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á bèèrè bóyá babaláwo ni mo lọ bá. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí ènìyàn lè parí lórí ìdúró lọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ìdí kejì ni pé àwọn kan láàárín àwọn tí ń bi mí ti ń sọ fún ara wọn pé abẹ́rẹ́ yìí ń wo gbogbo ohun tí ó bá ti jẹ mọ́ ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ̀mí sì lè bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Gọ́tà ni ó fa tèmi. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn yóò mọ bí òjò oṣù kẹsàn-án ṣe máa ń bo títì àti gọ́tà mọ́lẹ̀ papọ̀, tí omi yóò dọ́gba tí ẹnìkan kò ní mọ èwo ni èwo. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ibi tí ó yẹ kí ilẹ̀ wà, ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ náà yí sínú, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n dá igi gbígbẹ sí méjì. Kí wọ́n tó gbé mi délé, kókósẹ̀ ìta ti wú bí ọsàn.

Dókítà ọ̀dọ́ tí ó rí mi ní ilé ìwòsàn kò sáré dárúkọ fọ́tò eegun. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ ìta, ó tẹ ti inú, ó tẹ eegun kan tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó wá ní kí n dìde kí n rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré. Mo rìn ín tigbe-tigbe. Nígbà tí mo ka ìwé lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ìlànà kan ni ó ń tẹ̀ lé, èyí tí Ian Stiell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ottawa, ní Kánádà, gbé jáde ní 1992, kí àwọn dókítà lè mọ ẹsẹ̀ tí fọ́tò eegun tọ́ sí yàtọ̀ sí èyí tí kò tọ́ sí. Bí títẹ orí eegun ní àwọn ibi wọ̀nyí bá dunni gan-an, tàbí tí ẹni náà kò bá lè rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n ya fọ́tò. Tèmi dùn mí lórí eegun, wọ́n sì ya á. Eegun kò ṣẹ́. Iṣan tí ó so eegun mọ́ eegun ni ó ya. Mo fi èyí ṣáájú nínú ìtàn mi nítorí pé ipò rẹ̀ nìyẹn: ó ṣáájú abẹ́rẹ́, ó ṣáájú òrí, ó ṣáájú àwọn a-to-eegun pàápàá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá fún mi. Oṣù márùn-ún kọjá, mo ṣì ń tiro. Ìyá mi yọ́ òrí, ó fi ń ra á fún mi ní alaalẹ́. Aládùúgbò kan gbé adí wá. Ẹnìkan gbé òróró kan wá tí òórùn rẹ̀ lé àwọn ọmọ mi kúrò ní pálọ̀. Gbogbo wọn ni ó ń tù mí lára títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ohun tí ó wá burú ni pé ìrora náà kò dúró sójú kan mọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ kan bá ń dùn, ìbàdí ni yóò bá a ru ẹrù tí ẹsẹ̀ kọ̀. Ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lápá òsì, nígbà tí ó yá, ọrùn náà le. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún sáré tẹ̀lé ìròyìn láti Aláùsá dé Agodi kò lè rìn dé ìsọ̀ oníbúrẹ́dì kí n má sinmi lọ́nà.

Físíò kan ni wọ́n júwe fún mi nígbà náà, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tí ó ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nílé kí ó tó lọ kọ́ abẹ́rẹ́ gígún kún un ní Ṣáínà. Iṣẹ́ náà ni àwọn òyìnbó ń pè ní acupuncture. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ìpolówó ọjà ni mo ń ṣe. Ó tẹ́tí sí gbogbo ìtàn mi, ó ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. N kò lè dúró tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá ibi tí yóò gún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ fi ìka lé ṣóńṣó kókósẹ̀ tí ó wà lápá ìta. Ẹ fa ìka náà lọ sẹ́yìn lọ́ọ́lọ́ọ́ títí tí yóò fi kan iṣan ńlá tí ó ti àrè ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí gìgísẹ̀. Ní àárín méjèèjì, ibi kan wà tí ó jìn wọlé díẹ̀, tí ìka lè rọra jókòó sí. Ibẹ̀ ni. Ó ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun lójú mi, ó nu ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mu, ó gún un. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín débi pé ó lè gba inú ihò abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kọjá. N kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ó wọlé. Ìgbà tí ó fi ọwọ́ yí i díẹ̀ ni nǹkan ṣẹlẹ̀: ohun kan wúwo níbẹ̀, ó kan bí ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún iṣan, ó wá rìn gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ lọ títí dé ìka tí ó kéré jù lọ. "Ó ti dé, àbí?" ni ó bi mí. Mo ní ó ti dé. Ìbéèrè yìí gan-an ni orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà ń pe ìmọ̀lára náà: deqi, pé qi ti dé. Qi ni wọ́n ń pe agbára tí wọ́n gbà pé ó ń sàn káàkiri inú ara ènìyàn.

Orúkọ ojúkò yìí ni ó kọ́kọ́ fà mí mọ́ra, bí orúkọ ṣe máa ń fa akọ̀ròyìn. Kunlun ni wọ́n ń pè é. Kunlun kan náà ni orúkọ ọ̀wọ́ àwọn òkè gíga tí ó nà gbọọrọ ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, láàárín Tibet àti Xinjiang, òkè tí ìtàn àtijọ́ wọn fi ṣe ibùgbé Xi Wangmu, Ìyá Ọba Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn àgbà tí wọ́n sọ ojúkò náà lórúkọ wo kókósẹ̀ tí ó yọ gọngọ, wọ́n rí òkè. Ní iwájú kókósẹ̀ yìí kan náà, lápá ìsàlẹ̀, wọ́n ní ojúkò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Qiuxu, òkìtì ahoro. Ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀, ní ọ̀kánkán Kunlun, Taixi wà, odò ńlá. Bí ẹ bá fi ìka lé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ ó gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù kìkì níbẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti rí òkè, òkìtì àti odò. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa náà ni a fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ọrùn, tí a fún egungun iwájú ẹsẹ̀ ní ojú, tí a pè é ní ojúgun.

Ojúkò 361 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé to orúkọ àti nọ́ńbà wọn lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ètò náà, Kunlun ni ọgọ́ta nínú mẹ́tàdínláàádọ́rin tí ó wà lójú ọ̀nà àpò-ìtọ̀. Ọ̀nà yìí, gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ti wí, bẹ̀rẹ̀ láti kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó gun iwájú orí, ó gba àtàrí kọjá sí ọrùn, ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá-ẹ̀yìn, ó gba ẹ̀yìn orúnkún, ó parí sí ìka ẹsẹ̀ tí ó kéré jù lọ. Bí ẹ bá ti mọ ọ̀nà náà, ẹ ti mọ ìdí tí wọ́n fi ń gún ẹsẹ̀ ẹni tí ọrùn ń dùn. Yàtọ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀, àwọn ìwé wọn fi Kunlun tọ́jú ẹ̀fọ́rí, ọrùn líle, ojú tí ń pòòyì, ẹ̀jẹ̀ imú, ẹ̀yìn dídùn, gìrì àwọn ọmọdé àti ìbímọ tí kò rọrùn. Ẹ fi ojú sí èyí tí ó gbẹ̀yìn yẹn, a ó padà bá a.

Ìwé ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n. Nínú àwọn tí ó to àwọn ojúkò jọ ní ọ̀nà tí ó yéni, ọ̀kan tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ni Huangfu Mi, tí ó kú ní 282. Kì í ṣe oníṣègùn tẹ́lẹ̀, ọ̀mọ̀wé ni. Àìsàn ni ó kọlù ú nígbà tí ó ti lé ní ogójì ọdún, ìyẹn ni ó mú un kó ìwé ìṣègùn kalẹ̀ tí ó ń kà wọ́n. Èmi náà ti lé ní ogójì, mo sì mọ bí ìrora ṣe ń sọ ènìyàn di òǹkàwé. Kò sì yẹ kí a rò pé gbogbo Ṣáínà ló ń fi ìgbà gbogbo bọ abẹ́rẹ́ yìí. Ní 1822, ọba Daoguang pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ tí àwọn oníṣègùn ààfin ń ṣe. Ní 1929, àwọn kan nínú ìjọba orílẹ̀-èdè náà fẹ́ pa gbogbo ìṣègùn ìbílẹ̀ rẹ́. Ìjọba Mao ni ó tún gbé e dìde, nítorí dókítà kò tó, àwọn ènìyàn sì pọ̀ lábúlé.

Mo bi físíò mi léèrè pé ta ni ó fi ojú rí ọ̀nà àpò-ìtọ̀ yìí rí. Kò yí ọ̀rọ̀ po. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti la òkú títí, kò sí ẹni tí ó rí i. Ohun tí ẹ lè rí níbi tí mo gún yẹn ni iṣan kan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, àti iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tí ń gòkè lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Èsì yìí ni ó jẹ́ kí n fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ bí ó ti sọ ọ́: iṣan kan, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan. Ní èdè wa, iṣan ni ó ń fa eegun, iṣan ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀, iṣan ni ó ń ròyìn ìrora fún ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, òótọ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà tí a ń pè ní mai náà rí bẹ́ẹ̀: òun ni ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, òun ni lílù tí oníṣègùn ń gbọ́ lọ́rùn ọwọ́, òun náà ni ọ̀nà tí a kò rí. Èdè méjì tí kò bá ara wọn tan fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun púpọ̀ tí ń sàn nínú ara.

Ìyá bàbá mi ní gbẹ́rẹ́ yíká orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ìlà wẹ́wẹ́ dúdú tí mo máa ń fi ìka kà nígbà tí mo wà ní kékeré. Làkúrègbé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ sín in. Mo rántí wọn nígbà tí mo ń ka ìtàn Ötzi, ọkùnrin tí àwọn arìnrìn-àjò rí òkú rẹ̀ nínú yìnyín òkè Alps ní 1991, ní ààlà Austria àti Ítálì. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún tí ó ti kú. Àmì mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ó wà lára rẹ̀, ìlà tí wọ́n fi èédú sí bí ìgbà tí a sín gbẹ́rẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì wà níbi tí aṣọ ń bò: ẹ̀yìn ìbàdí, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, wọ́n rí i pé oríkèé ara rẹ̀ ti jẹ. Àwọn kan ní ìwòsàn ni wọ́n fi àwọn ìlà náà wá. Àwọn kan tilẹ̀ ní ó sún mọ́ ojúkò àwọn ará Ṣáínà. Èmi kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé níbikíbi tí ènìyàn bá wà, bí ibì kan bá ti ń dùn ún, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ.

Bí a bá ní kí a sọ̀rọ̀ ẹ̀rí, iṣẹ́ mi àtijọ́ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Akọ̀ròyìn ni ó sọ abẹ́rẹ́ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje ọdún 1971, James Reston ti ìwé ìròyìn New York Times wà ní Beijing nígbà tí àpẹ́ńdíìsì dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, inú rẹ̀ kún, ó ń dùn ún, oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan sì gún un ní ìgúnpá ọ̀tún àti ní ìsàlẹ̀ orúnkún méjèèjì, ó tún jó ewé gbígbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀. Ara tù ú. Ó kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, gbogbo Amẹ́ríkà sì kà á. Títí di òní, ẹ ó rí àwọn tí ń kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pa ìrora nígbà tí wọ́n la ikùn Reston. Irọ́ ni. Reston fúnra rẹ̀ kọ ọ́ kedere pé oògùn ìparora tí a mọ̀ ni wọ́n gún sí i ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wọlé. Ó máa ń bí mi nínú. Ọkùnrin náà kọ òótọ́, àwọn tí kò kà á dópin ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu.

Ìwádìí tí ó bá mi lọ́kàn jẹ́ jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Àwọn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n gún àwọn kan ní ojúkò tí ìwé Ṣáínà kọ. Wọ́n gún àwọn kan ní ibi tí kì í ṣe ojúkò rárá, kò sì jìn wọlé. Àwọn ìyókù gba oògùn àti eré ìdárayá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara tu ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gún ní ojúkò, ìdá 44.2 nínú àwọn tí wọ́n gún níbi tí kì í ṣe ojúkò, àti ìdá 27.4 péré nínú àwọn tó kù. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó fẹ́ràn abẹ́rẹ́ yóò ní abẹ́rẹ́ borí oògùn. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò ní ojúkò kò já mọ́ nǹkan, nítorí gúngún níbikíbi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ní ti ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, àwọn ẹgbẹ́ Cochrane kó gbogbo ìwádìí tí wọ́n rí jọ ní 2014, wọ́n ní ẹ̀rí tí ó wà kò lágbára tó láti fi sọ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Kí ni ó wá wo ẹsẹ̀ mi? Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo lọ. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ láàárọ̀ láì di ògiri mú, ọrùn mi sì rọ̀. Ṣùgbọ́n físíò mi kò jẹ́ kí n lọ sílé lọ́jọ́ kan láì fún mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí n máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan nígbà tí mo bá ń fọ eyín, kí n máa gòkè lórí ìka ẹsẹ̀ ní ìgbà ogún láàárọ̀ àti lálẹ́. Iṣan tí ó ya ti gbàgbé bí a ti ń dúró, ó ní àtúnkọ́ ni a ń kọ́ ọ. Ìdájọ́ tèmi ni pé eré ìdárayá yìí ló wo ẹsẹ̀ náà, abẹ́rẹ́ sì ni ó dín ìrora kù débi tí mo fi lè ṣe é. Bóyá Kunlun ni o, bóyá ogún ìṣẹ́jú tí mo fi dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tí ẹnìkan ń tọ́jú mi ni o, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Mo ṣì máa ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di Kunlun àti Taixi mú papọ̀ lálẹ́ bí mo bá ti rìn jù. Ó dùn mọ́ mi, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀.

Nígbà tí mo ń lọ fún ìkẹrin ni àbúrò mi obìnrin tẹ̀ mí láago. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. "Bọ̀dá mi," ó ní, "ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wú, bàtà kò wọ̀ mọ́, ọrùn ẹsẹ̀ sì ń dùn mí. Ẹ bá mi bẹ dókítà yín kí ó gún mi bí ó ti gún yín." Àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ti fi dá a lójú pé bí oyún bá dàgbà, ẹsẹ̀ a máa wú. Òótọ́ ni, ó máa ń wú. Mo ní kí ó má ṣèyọnu, n ó bèèrè.

Mo bèèrè nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Físíò náà fi ohun tí ó ń kọ sílẹ̀. Ó ní òun kì í gún aláboyún ní ibẹ̀. Àwọn ìwé tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ kà á léèwọ̀, nítorí wọ́n gbà pé Kunlun lè mú ọmọ sọ̀kalẹ̀ ṣáájú àkókò, òun àti Hegu tí ó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, àti Sanyinjiao tí ó wà lókè kókósẹ̀ inú. Ohun tí wọ́n fi ń ran obìnrin tí ń rọbí lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rù rẹ̀ fún ẹni tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ láago padà kí n sì ṣí fóònù sókè kí òun náà lè gbọ́.

"Ǹjẹ́ orí ń fọ́ yín, mà?" Ó ní ó ti ń fọ́ òun láti àná, panadó kò ràn án. "Ojú ńkọ́?" Ó ní nǹkan bí iná wínníwínní ń tàn níwájú òun bí òun bá dìde. "Ojú yín àti ọwọ́ yín, ṣé wọ́n wú?" Ó ní òrùka òun kò bọ́ mọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Físíò náà wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó wá síbí. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ, nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́la." Ó fa àwọn abẹ́rẹ́ yọ lẹ́sẹ̀ mi kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, kí n lè tètè máa lọ.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru dé 170 lórí 110. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, purotéènì kún inú rẹ̀. Àìsàn tí ń ṣáájú gìrì aláboyún ni, èyí tí ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ tí oyún ti wà, tí kì í sì í ní oògùn mìíràn tí ó tán an ju kí a bí ọmọ lọ. Wọ́n fún un ní magnesium sulphate, kí gìrì má baà dé. Oògùn yìí kì í ṣe tuntun, kò sì wọ́n. Ní 2002, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú obìnrin tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, fi hàn pé ó ń dín gìrì náà kù sí ìdajì. Wọ́n gbé àbúrò mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí èèwọ̀ yẹn. Mo ti wá ẹ̀rí pé abẹ́rẹ́ ní Kunlun ń ṣẹ́ oyún, n kò rí èyí tí ó dúró dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí èèwọ̀ náà má ní ìdí kankan ju pé àwọn àgbà bẹ̀rù. Síbẹ̀, nítorí rẹ̀ ni ọwọ́ físíò náà ṣe dúró, ìdúró yẹn ni ó jẹ́ kí ó bèèrè ìbéèrè. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, tí ó kọ́ ojúkò mẹ́wàá lórí fóònù tí ó sì so pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà, ì bá ti gún un, ì bá gba owó, ara ì bá sì tu àbúrò mi díẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ a máa tu ara. Ìtura yẹn gan-an ni ì bá pa á. Yóò lọ sílé, yóò sùn.

Kì í sì í ṣe aláboyún nìkan. Ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì tí ó ń wú nírọ̀lẹ́ lè jẹ́ ọkàn tàbí kíndìnrín ni ó ń ké. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí ó wú lójijì, tí àrè rẹ̀ gbóná tí ó sì ń dùn, lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó dì nínú iṣan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ra á kí dókítà tó rí i. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú ìmọ̀lára kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ̀ bí abẹ́rẹ́ bá di egbò. Físíò mi máa ń bèèrè gbogbo èyí, ó máa ń ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun lójú ẹni, ó sì máa ń sọ àwọn tí ó lò nù sínú ike líle. Bí ẹni tí ẹ lọ bá kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dìde kí ẹ máa lọ, kódà bí abẹ́rẹ́ kìíní bá ti wọlé.

Kílò méjì dín díẹ̀ ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá nínú ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ gbóná. Ìyá rẹ̀ kò tètè kúrò lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó dá a dúró. Ní ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fà padà fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, bàtà sì wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ ìkómọ tí wọ́n sún síwájú. Ẹnikẹ́ni kò fi òrí kàn án, ẹnikẹ́ni kò gún un lábẹ́rẹ́.